Iná jó ìwé ilẹ̀ ẹbí: báwo la ṣe ń gba CTC ìdájọ́ ní kóòtù àti extract lọ́dọ̀ ọlọ́pàá?

Ọmọ Ìdíkàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹbí wa jàre ilẹ̀ kan lọ́nà Àkànrán ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìbàdàn lọ́dún 1986. Ní oṣù tó kọjá, iná jó yàrá mọ́gàjí wa, àpótí ìwé sì bá a lọ: ẹ̀dà ìdájọ́, sọ́fè, àwọn rìsíìtì àtijọ́. Ẹnì kan fẹ́ ra díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà, lọ́yà rẹ̀ sì ti fárígá pé àfi ká mú CTC ìdájọ́ náà (ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ kóòtù fọwọ́ sí pé ẹ̀dà tòótọ́ ni) wá, ká tún mú police extract lórí ọ̀rọ̀ iná yẹn.

Ìbéèrè mi rèé. Ta la ń kọ̀wé sí ní kóòtù? A ò mọ nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ bàbá wa àgbà tó pẹjọ́ nìkan la mọ̀. Ṣé dandan ni kí lọ́yà bá wa lọ? Àwọn ọlọ́pàá ní ká lọ búra ní kóòtù ná kí wọ́n tó fún wa ní extract, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ẹ̀gbọ́n mi kan sì ń sọ pé ká kúkú fi òfin FOI (Freedom of Information, òfin ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba) kò wọ́n lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kó là á fún wa.

Akọ̀wé Rẹ́jísírì

Ẹ kú àdánù o. Ẹ má tíì kọ lẹ́tà CTC. Search, ìyẹn wíwá ẹjọ́ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù, ló ń ṣáájú.

Chief Registrar, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ring Road, Ìbàdàn, lẹ máa kọ lẹ́tà search sí. Ẹ fi ẹ̀ka Litigation sí i lábẹ́, kó má lọ jókòó sí tábìlì ẹni tí kò kàn. Ẹ kọ orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti ti olùjẹ́jọ́, ibi tí ilẹ̀ wà, àti ọdún tí ìdájọ́ wáyé. Ẹ san owó search, kí ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá padà wá fún CTC.

Ohun tí wọ́n máa ṣí ni cause book. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan níbẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ ìhà méjèèjì, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, àti bó ṣe parí. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọdún tí wọ́n pe ẹjọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé yìí, kì í ṣe ọdún tí adájọ́ dá a. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó parí ní 1986 lè ti wọ kóòtù láti 1978. Tí ẹ bá ní kí wọ́n yẹ 1986 nìkan wò, wọn óò ní àwọn ò rí i, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1986 kí ẹ máa padà sẹ́yìn, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wá orúkọ olùjẹ́jọ́ náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ bàbá yín nìkan, torí bí akọ̀wé ayé ìgbà yẹn ṣe gbọ́ orúkọ ló ń kọ ọ́. Adeshina ni wọ́n máa kọ fún Adéṣínà, Aiyelabola fún Ayélabọ́lá, Shittu fún Ṣítù, orúkọ àbísọ sì lè wà níwájú tàbí kó wà lẹ́yìn. Bí bàbá bá kú kí ẹjọ́ tó parí, orúkọ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ló máa wà lórí ìdájọ́, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá ló ṣì wà nínú cause book. Kí ẹ má bàa rí i tán kí ẹ ní kì í ṣe tiyín.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí á jọ I/214/79. I dúró fún Ìbàdàn, 214 ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹjọ́ ọdún náà, 79 ni ọdún tó wọlé. AB ni ti Abẹ́òkúta, HOY ni ti Ọ̀yọ́, HOS ni ti Òṣogbo, HIF ni ti Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ tirẹ̀ wáyé ní Òṣogbo tàbí Ifẹ̀ kí wọ́n tó yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, kó má sáré wá sí Ìbàdàn nítorí pé "Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́" ló wà lórí ìwé. Kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ gan-an ni kó kọ́kọ́ lọ bi.

Bí nọ́ńbà bá ti jáde, lẹ́tà CTC kò gùn rárá. Bí ó ṣe máa rí nìyí:

"Sí Chief Registrar. Ẹjọ́ I/214/79, Lágbájá (fún ara rẹ̀ àti fún ẹbí Lágbájá) àti Tẹ̀mẹ̀dù. À ń béèrè CTC ìwé mẹ́ta nínú ẹjọ́ yìí: ìdájọ́ tí wọ́n kà ní ọjọ́ báyìí, enrolled order rẹ̀, àti pílánù ilẹ̀ tí kóòtù gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí Exhibit báyìí. A ti ṣe tán láti san owó tó bá yẹ."

Enrolled order ni ìwé tó kọ àṣẹ tí kóòtù pa nìkan, Exhibit sì ni ohun tí wọ́n mú wá bí ẹ̀rí. Èdè Òyìnbó lẹ máa kọ ọ́ o, èdè tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní kóòtù nìyẹn. Ẹ má kọ "gbogbo ìwé inú fáìlì". Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba owó lé, ẹjọ́ ilẹ̀ tí ẹlẹ́rìí mẹ́fà méje bá sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ojú ìwé kékeré. Ohun tí oníbàárà yín ń wá kò ju àwọn mẹ́ta yẹn lọ.

Ti lọ́yà: kì í ṣe dandan. Ìdájọ́ jẹ́ ìwé gbogbogbòò. Abala 104 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló ní kí òṣìṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀dà, bí ẹni náà bá ti san owó tí òfin là kalẹ̀. Ọmọ ẹbí lè kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Àǹfààní tó wà nínú lẹ́tà lọ́yà ni pé akọ̀wé mọ̀ pé ẹni yìí mọ ọ̀nà, yóò sì padà wá bi òun.

Ọ̀gá Kántà

Èmi á mú ti ọlọ́pàá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí extract jẹ́. Bí ẹ bá dé kántà tẹ́ ẹ ròyìn, wọ́n á kọ ọ́ sínú diary àgọ́ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà, ọjọ́ àti wákàtí. Extract ni ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí DPO (ọ̀gá àgọ́ náà) tàbí ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ fọwọ́ sí, tó sì lu òǹtẹ̀. Ohun tí ẹ sọ ló ń sọ. Kò sọ pé ọlọ́pàá wádìí rẹ̀, kò sì sọ pé òótọ́ ni. Nítorí náà, tí ìròyìn yín bá rí wúruwùru, extract náà á rí bẹ́ẹ̀, lọ́yà oníbàárà á sì dá a padà.

Àgọ́ tí ilé tó jóná wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ máa lọ, kì í ṣe àgọ́ tó sún mọ́ ilé ẹni tó ń ròyìn. Mọ́gàjí tí àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó lọ fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó wà níbẹ̀ tí iná fi ń jó. Ẹ kọ ohun tó jóná sórí bébà kí ẹ tó kúrò nílé. "Ìwé pàtàkì ẹbí" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀dà ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìbàdàn nínú ẹjọ́ I/214/79, ti ọdún 1986; sọ́fè ilẹ̀ ẹbí Lágbájá lọ́nà Àkànrán, orúkọ sọ́féyọ̀ àti nọ́ńbà pílánù": bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi dáa kí search ti kóòtù ṣáájú, kí nọ́ńbà lè wọ inú extract. Tí ẹ bá ti ròyìn láìsí nọ́ńbà, ẹ lè padà lọ ṣe àfikún. Wọ́n á kọ ọ́ bí ìròyìn tuntun tó tọ́ka sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ wí pé oṣù tó kọjá ni. Kò burú, ẹ ṣì lè ròyìn. Àmọ́ ẹ má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọjọ́ iná yẹn sí i bíi pé ọjọ́ náà lẹ wá. Nọ́ńbà inú diary ń tẹ̀ léra, wákàtí ń tẹ̀ léra. Ìlà tí wọ́n bá fún mọ́ àárín, ojú ni wọ́n á fi rí i. Ẹ sọ ọjọ́ tí iná jó, kí ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá, kí ẹ sì sọ ohun tó fà á tẹ́ ẹ fi pẹ́.

Ti ìbúra, àwọn tó wà ní kántà kò purọ́ fún yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ìwé tó sọnù tàbí tó jóná nìyẹn ní ọ̀pọ̀ àgọ́: àfídáfíìtì (ìwé ìbúra) ṣáájú, extract tẹ̀ lé e. Ẹ lè bá wọn ṣàríyànjiyàn tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà máa nílò àfídáfíìtì yẹn fún oníbàárà. Rẹ́jísírì Ilé-ẹjọ́ Gíga tàbí ti Májísíréètì (Ìyágankú, ní Ìbàdàn) lẹ ti máa rí Commissioner for Oaths, òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra. Níbẹ̀ gan-an ni kí mọ́gàjí ti fọwọ́ sí i, lójú òṣìṣẹ́ náà. Àwọn tó ń ta àfídáfíìtì tí wọ́n ti fọwọ́ sí sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ẹ kọjá lára wọn.

Bí mọ́gàjí kò bá ka Òyìnbó, ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Kí ìlà kan wà nísàlẹ̀ àfídáfíìtì tó sọ pé wọ́n ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, pé ó yé e dáadáa kó tó tẹ ìka, kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí ìlà yẹn kò bá sí, lọ́yà ìhà kejì á fi gún yín lọ́jọ́ kan.

Tí panápaná bá wá síbi iná náà, ẹ gba ìwé ìròyìn tiwọn mọ́ ọn. Ìyẹn lágbára ju extract lọ, torí àwọn fúnra wọn rí iná. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, POSSAP, tí èèyàn lè gbà béèrè fún extract. Àgọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ ṣì máa yàn níbẹ̀, ìtàn yín kò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti inú àfídáfíìtì.

Ìyá Táyé Mọ́nìyà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí Májísíréètì ní 2019, wọ́n sì tú ẹjọ́ náà ká. Ó fẹ́ rìnrìn àjò báyìí, wọ́n ní kó mú police character certificate (ìwé tí ọlọ́pàá fi ń jẹ́rìí bóyá èèyàn ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn) wá. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn á tún jáde?

Lọ́yà Òkè-Àdó

Ìyá Táyé, ó lè jáde, torí ìka tí wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un kì í fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Òfin ACJA (òfin ìlànà ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn) ti 2015 ní kí Chief Registrar máa fi àbọ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn ránṣẹ́ sí àkójọ àwọn ọlọ́pàá láàárín 30 ọjọ́ tí ìdájọ́ bá wáyé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán ìyẹn. Kó lọ gba CTC ìwé tí Májísíréètì fi parí ẹjọ́ náà, kó sì mú un dání lọ síbi tó ti máa tẹ̀ka fún certificate.

Kó wo ohun tí wọ́n kọ gan-an. "Struck out" túmọ̀ sí pé wọ́n gbé ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n ṣì lè gbé e padà wá. "Discharged" nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. "Discharged and acquitted" ló pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, torí náà kó má kọ "acquitted" sínú fọ́ọ̀mù wọn nígbà tó jẹ́ struck out ló wà lórí ìwé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ẹ̀dà yẹn: abala 36(7) nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 ní kí ẹni tí wọ́n bá ṣẹjọ́ ọ̀daràn fún, tàbí ẹni tó bá rán, lè gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje tí ẹjọ́ bá parí. Kò lè fi FOI béèrè kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́ o, iṣẹ́ FOI kọ́ nìyẹn.

Ọmọ Ìdíkàn, ọ̀rọ̀ FOI tí ẹ̀gbọ́n yín sọ kàn mí. Òfin tó dáa ni, ti 2011. Ẹ kò ní láti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìwé ṣe. Wọ́n ní ọjọ́ méje láti dá yín lóhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì dárúkọ abala òfin tí wọ́n dì mú. Bí wọ́n bá dákẹ́, kíkọ̀ ni òfin kà á sí, ẹ sì ní 30 ọjọ́ láti gbé wọn lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ilé-iṣẹ́ tí kóòtù bá rí i pé ó kọ̀ láìnídìí lè san ìtanràn ₦500,000. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ pàápàá lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ló máa bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan a máa wí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti pa ìyẹn tì ní oṣù kẹrin ọdún 2025: gbogbo ìjọba ló kàn.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí FOI máa mú jáde lè jẹ́ fọ́tókọ́pì lásán, nígbà tó jẹ́ CTC ni oníbàárà yín ń béèrè. Fún ìdájọ́, Òfin Ẹ̀rí ni ọ̀nà tààrà. Ẹ fi FOI pamọ́ fún ìgbà tí lẹ́tà CTC bá ti wọlé, tí ẹ ti ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ "received" mọ́, tí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta ti kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Lẹ́tà kejì tó tọ́ka sí ti àkọ́kọ́ tó sì dárúkọ FOI sábà máa ń rí èsì.

Lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, FOI kò lágbára tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Abala 12 gbà wọ́n láyè láti fi ìwé ìwádìí pamọ́ bí yíyọ rẹ̀ síta bá máa dí ìwádìí tàbí ìgbẹ́jọ́ lọ́wọ́, tàbí bó bá máa tú àṣírí ẹni tó ta wọ́n lólobó. Abala 14 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá petition tàbí statement tí ọlọ́pàá gbà nínú ìjà ilẹ̀ kan, kó yé jókòó sí ẹnu ọ̀nà IPO (ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà). Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé kóòtù rí, inú fáìlì kóòtù ni kó lọ wò, torí statement tí wọ́n bá ti gbà wọlé bí exhibit ti di ara àkọsílẹ̀ kóòtù, rẹjísírà ló sì máa fún un ní CTC rẹ̀. IPO á ti gba transfer lọ sí ìlú mìíràn, fáìlì kóòtù kò lọ ibì kankan.

Ọmọ Ìdíkàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún un fún yín. A ti ṣe search. Ẹjọ́ wà nínú cause book, 1981 ló wọlé, bí Akọ̀wé ṣe wí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì. Ọkùnrin kan lẹ́nu géètì ní òun mọ ẹni tó lè "bá wa ṣe é" lọ́jọ́ kejì tí a bá mú owó wá. Kí la ṣe?

Akọ̀wé Rẹ́jísírì

Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Fáìlì tí kò sí nílẹ̀, inú kí ló ti máa rí ìdájọ́ dà kọ? Ó máa tẹ̀ ẹ́ ni, á sì gbẹ́ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí lọ́yà ìhà kejì bá kọ̀wé sí Chief Registrar pé kí wọ́n jẹ́rìí sí i, ọwọ́ ẹbí yín ni ayédèrú máa wà, kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀.

"A ò rí i" ní rẹ́jísírì ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kó fáìlì ọdún wọ̀nyẹn lọ sí yàrá ìkówèépamọ́, tí ẹni tí ẹ bá pàdé kò sì fẹ́ eruku. Ẹ kọ lẹ́tà kejì, kí ẹ fi èsì search mọ́ ọn, kí ẹ ní kí wọ́n wá a nínú archive. Ó tún lè jẹ́ pé wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tí fáìlì sì tẹ̀ lé e lọ. Ẹ wo ìlà ẹjọ́ yín nínú cause book, bóyá ẹnì kan kọ "appeal" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lóòótọ́, ìyẹn ṣe yín lóore níhìn-ín. Record of appeal tí wọ́n kó lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn ní ìdájọ́ náà nínú, àwọn ìyẹn sì lè fún yín ní CTC ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹjọ́ náà parí sí. Ìdájọ́ 1986 tí wọ́n ti yí padà ní 1990 kò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí kò bá sí appeal, ìwé mìíràn tún wà ní kóòtù: ìwé tí adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà ìgbẹ́jọ́, àti ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n máa ń tọ́jú lọ́tọ̀ sí fáìlì. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà, torí bí ẹ bá béèrè "fáìlì" nìkan, fáìlì nìkan ni wọ́n máa wá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí chamber lọ́yà tó ṣe ẹjọ́ náà, tàbí ti ìhà kejì, kódà bí àgbà lọ́yà náà bá ti kú. Tí ẹ bá rí CTC àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ mú un lọ sí rẹ́jísírì kí wọ́n fi wé ohun tó kù nílẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pin, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ Chief Registrar pé wọ́n wá fáìlì I/báyìí/81, wọn ò rí i. Lẹ́tà yẹn wúlò gan-an, torí kóòtù lè gba ẹ̀rí mìíràn nípa ìwé tó bá ti ṣègbé, bí ẹ bá fi hàn pé ẹ wá a dáadáa. Àwọn tí fáìlì wọn wà ní Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ l'Ékòó mọ ohun tí mò ń wí, lẹ́yìn tí wọ́n sun kóòtù yẹn ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Àgbà Ìjẹ̀bú

Kí n fi ẹyọ kan kún ti Akọ̀wé. Bí ìdájọ́ 1986 bá tọ́ka sí ẹjọ́ àtijọ́ ní Native Court, bí ẹjọ́ ilẹ̀ Ìbàdàn ṣe sábà máa ń ṣe, Ring Road kọ́ lẹ ti máa rí ìyẹn. Ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, ẹ san owó àyè ìwádìí, kí ẹ sì béèrè ìwé atọ́ka ti àwọn àkójọ fáìlì tí wọ́n ń pè ní Iba Div àti Oyo Prof (Ije Prof ni tiwa, Abe Prof ni ti Ẹ̀gbá). Nọ́ńbà fáìlì lẹ máa kọ sórí slip kí wọ́n tó gbé e wá. Ẹ má mú báírò wọlé, pẹ́ńsù ni. Bí ẹ bá rí ojú ìwé náà, àwọn ni ìwé wà níkàáwọ́ wọn, àwọn náà ló máa fọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀.

Túndé Peckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, mo rí i pé àwọn kan ń béèrè nínú inbox. Fún CTC ìdájọ́, lẹ́tà àṣẹ fún ọmọ ẹbí tó wà nílé ti tó, ẹ kò nílò power of attorney ńlá. Character certificate ló yàtọ̀, torí ìka yín gan-an ni wọ́n fẹ́, ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà sì lẹ ti máa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbà á. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá Ìlú Ọba (UK) níbí ló ní àkọsílẹ̀ yín, subject access request (ìbéèrè fún àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni) ni ẹ kọ sí wọn. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ni wọ́n máa fún yín, wọ́n á fi dúdú pa orúkọ àwọn ẹlòmíràn.

Lọ́yà Òkè-Àdó

Ọmọ Ìdíkàn, lọ́jọ́ tí CTC bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má kúrò níwájú tábìlì kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ka ojú ìwé, kó má fò láti 11 sí 13. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rí gbólóhùn pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, ọjọ́, ìbọ̀wọ́lùwé, orúkọ òṣìṣẹ́ náà ní kíkún, ipò rẹ̀, àti òǹtẹ̀ kóòtù. Ìbọ̀wọ́lùwé láìsí orúkọ àti ipò, àbùkù ni. Kí iye owó àti nọ́ńbà rìsíìtì náà hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì pàápàá. Ní 2011, nínú ẹjọ́ Tabik Investment àti GTB, ìwé tó wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ń jà lé, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì sọ pé sísan owó wà lára ohun tó ń sọ ẹ̀dà di CTC. Èyí kan extract yín náà bí ẹ bá fẹ́ lò ó ní kóòtù.

Ẹ ka òpin ìdájọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Àwọn ẹbí kan ń sọ pé àwọn "jàre", bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ tí ìhà kejì pè mọ́ wọn ni kóòtù fagi lé, kóòtù kò sì kéde pé ilẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ìyẹn kò jọ declaration of title. Bó bá sì jẹ́ declaration, ẹ wo pílánù tí adájọ́ so ó mọ́, torí ibi tí ìlà rẹ̀ dé ni ìjàre yín dé. Bí Exhibit náà kò bá sí ní fáìlì (kóòtù lè ti dá a padà fún ẹni tó mú un wá), ẹ mú nọ́ńbà pílánù tó wà nínú ìdájọ́ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkiteríàtì Ìbàdàn, kí ẹ béèrè red copy rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà pílánù tí sọ́féyọ̀ máa ń kó sílé sí ọ́fíìsì náà. Bí sọ́féyọ̀ ìgbà náà bá kó o sílé bó ṣe yẹ, ẹ̀dà rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀.